Kíjìpá Ìyá Mi Nínú Snow

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ gòkè wá láti basement, ẹ fìdí kalẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ẹ ń bi mí pé kí ló dé tí Grandpa kì í sọ̀rọ̀ mọ́ láti bí ọjọ́ mélòó kan. Ẹ ṣeun. Ẹni tó bá béèrè ìdí tí àgbà fi dákẹ́, ilé rere ló ti wá. Ara mi le, kò síbi tó ń ro mí àfi orúnkún, òun náà sì ti mọ̀ pé òtútù Calgary kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló há mi lọ́fun. Mi ò lè sọ ọ́ tán fún Fúnmiláyọ̀ ọmọ mi, mi ò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ fún Dèjì ọkọ rẹ̀, nítorí ilé àna mi ni mo wà, ẹni tó wà nílé àna kì í fọwọ́ lu tábìlì. Ẹ̀yin tí ẹ gba yàrá nísàlẹ̀ nítorí university ni n ó kúkú sọ ọ́ fún. Bí mo bá ń yà sọ́tùn-ún, tí mo ń yà sósì, ẹ fara dà á fún mi.

Tíṣà ni mí, tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké, àwọn tí eyín iwájú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká. Abúlé kan lẹ́yìn Ìkìrun ni mo ti lo ọ̀pọ̀ ọdún mi, ẹ lè wá a títí lórí fóònù yín kẹ́ ẹ má rí i. Aago ilé-ẹ̀kọ́ wa, rímù ọkọ̀ lọ́rì tó ti kú ni. Wọ́n so ó kọ́ sára igi máńgòrò, bí a bá ti fi irin lù ú, ìró rẹ̀ á dún dé oko, àwọn bàbá tó ń kọbè á nàró, wọ́n á ní, "Àwọn ọmọ ti wọlé." Mo ṣì máa ń gbọ́ ìró yẹn. Níbí, aago ilé-ẹ̀kọ́ Ìbùkún ọmọ ọmọ mi kàn ń ké fíín-ín, àwọn òbí kò sì gbọ́ ọ, nítorí inú mọ́tò ni wọ́n wà, wọ́n ti yí gíláàsì sókè nítorí òtútù.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù ni sáyẹ́ǹsì. Nature Study ni wọ́n kọ sórí táìmù-tébù, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kò bá wọn pè é bẹ́ẹ̀. Dán-an-wò ni wọ́n ń pè é. Bí mo bá ti ń bọ̀ lówùúrọ̀, wọ́n á sáré pàdé mi lójú ọ̀nà, wọ́n á gba àpò mi. "Tíṣà, ẹ kú àárọ̀, ṣé a ó ṣe Dán-an-wò lónìí?" A kò ní yàrá ìwádìí kankan. Agolo mílíìkì la ní, àti ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, àti okùn, àti àwo tó ti bó létí. Wọ́n á kó alángbá wá, wọ́n á kó ìgbín wá, ẹnìkan tilẹ̀ gbé ọmọ ẹyẹ wá nínú fìlà bàbá rẹ̀. Mo ní kó lọ dá a padà kíákíá, kí ìyá ẹyẹ tó dé, àti kí bàbá òun náà tó wá fìlà.

Orúkọ ewé àti orúkọ kòkòrò kọ́ ló ṣòro láti kọ́ ọmọdé. Kí ó má ṣe ojúsàájú ló ṣòro. Lọ́jọ́ kan, mo ní ká wá mọ irú ilẹ̀ tó ń tètè jẹ́ kí omi kọjá. A dá ihò sídìí agolo mẹ́ta, a kó yanrìn sínú ọ̀kan, a kó amọ̀ sínú ọ̀kan, a kó ilẹ̀ dúdú sínú ìkẹta. Ilẹ̀ dúdú yẹn, ọmọ Baálẹ̀ ló bù ú wá láti ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀. Bí mo ṣe ní kí wọ́n bu omi sí i, ṣé ẹ mọ̀ pé ti ọmọ Baálẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ bu omi sí? Ọmọbìnrin tó di kọ́ọ̀bù mú tilẹ̀ kúnlẹ̀. Ó bù ú kún dẹ́nu. Nígbà tí yóò fi kan agolo yanrìn, tó jẹ́ ti ọmọ àlejò kan, omi ti tán nínú garawa, ìdọ̀tí ló kù. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ dáadáa, ẹ̀kọ́ ilé yín pé, ṣùgbọ́n omi kò mọ Baálẹ̀." Láti ọjọ́ náà ni mo ti wá ọgbọ́n mìíràn dá. Ife kan náà ni gbogbo wọn á dì mú, ìwọ̀n omi kan náà ni yóò wà nínú rẹ̀, bí mo bá ti lu rímù, gbogbo wọn á dà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ó gbọ́ ìró irin, ẹ ó wá gbọ́ ìró omi. Kò sí orin tó dùn tó o létí mi.

A tún ní ìbéèrè tí a máa ń fi ariwo dáhùn. Èmi á ní, "Kí ló yàtọ̀?" Wọ́n á ní, "Ẹyọ kan!" "Ìyókù ńkọ́?" "Wọ́n jọra!" "Kí lẹ ó sọ?" "Ohun tójú wa rí!" Àwọn ará oko tó ń kọjá lọ́nà á bá wọn dá a. Bí mo bá ń rìn lọ nírọ̀lẹ́, àwọn ìyá tó ń yan gàrì á pè mí láti ìdí agbada wọn, "Tíṣà, kí ló yàtọ̀ lónìí?" Èmi náà á ní, "Ẹyọ kan ni, ìyá." Gbogbo abúlé ló ń ṣe Dán-an-wò, ẹni tí kò tilẹ̀ mọ̀wé ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n rántí Rábíù fún yín. A gbin ẹ̀wà sínú agolo méjì, a gbé ọ̀kan sójú fèrèsé, a gbé èkejì sínú kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí oòrùn kò lè dé. Omi kan náà, ilẹ̀ kan náà. Kò pẹ́ ni kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí rùn. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, eèrà bo gbogbo rẹ̀, agolo náà ti kan, ògì ń dà lẹ́nu rẹ̀. Rábíù ni. Láràárọ̀ ló ń pín ògì tí ìyá rẹ̀ fún un sí méjì, ó ń fún ẹ̀wà tó wà lókùnkùn. Ó ní, "Tíṣà, ẹ ti ní kó má rí oòrùn. Ṣé kò tún ní jẹun ni?" Mi ò nà án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pàṣán wà lórí tábìlì mi, nítorí ayé ìgbà yẹn náà ní ìkà tirẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Mo kàn mú un jókòó tì mí, mo ṣàlàyé fún un pé àánú rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ó ti gba ẹ̀rí lẹ́nu ẹ̀wà. A tún òmíràn gbìn. Ó ń wo kọ́bọ́ọ̀dù bí ẹni ń wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà lẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n kò fún un ní ògì mọ́.

Àjọ̀dún wa tó tóbi jù ni Ọjọ́ Òbí. Bó bá ti ku bí ọ̀sẹ̀ kan, a ó ro oko ẹ̀bá kíláàsì, a ó fi ẹfun kun àwọn òkúta tó wà létí ọ̀nà, àwọn ọmọ á máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn bíi sójà, eruku á bo gbogbo wa. Lọ́jọ́ náà, òórùn mọ́ínmọ́ín ewé á ti gba afẹ́fẹ́ kí adúrà tó parí. A ó fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe tábìlì Dán-an-wò lọ́ṣọ̀ọ́, ọmọ kọ̀ọ̀kan á dúró tì í, á sọ ohun tó rí lójú bàbá lójú ìyá. Níbẹ̀ ni Àṣàkẹ́ ti ṣe é. Ìyá Àṣàkẹ́ ló ń ṣe ọṣẹ dúdú fún gbogbo agbègbè wa. Ọmọ náà fi ọṣẹ ìyá rẹ̀ fọ aṣọ funfun kan, ó fi ọṣẹ tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù fọ èkejì. Aṣọ kan náà ló gé sí méjì, amọ̀ kan náà ló fi kùn ún. Ó dìde lójú gbogbo èèyàn, ó ní, "Ọṣẹ ṣọ́ọ̀bù ló jẹ́ kó funfun jù. Ti ìyá mi mú kó pọ́n."

Ìyá Àṣàkẹ́ dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó wá sídìí tábìlì, ó gbé aṣọ méjèèjì sí oòrùn, ó wò wọ́n síwá sẹ́yìn. Ó pòṣé. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Tíṣà, ìwọ ni Ọlọ́run yóò bi." Ọjọ́ pẹ́ kó tó tún kí mi. Àwọn oníbàárà rẹ̀ á dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Ẹ fún wa nínú ọṣẹ tó ń pọ́n aṣọ yẹn," wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì rà á, nítorí ara ni wọ́n fẹ́ fi wẹ̀. Bínú ló bínú. Ṣùgbọ́n kò ní kí ọmọ rẹ̀ yí ọ̀rọ̀ padà, kò sì sẹ́ni tó sọ fún ọmọ náà pé ohun tójú rẹ̀ rí kì í ṣe òun ló rí. Ìyẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ mi yìí. Ayé àtijọ́ kò dùn tó bí àwa arúgbó ṣe ń pariwo rẹ̀, ebi pa wá, wọ́n lù wá, ṣùgbọ́n wọ́n lè bínú sí òtítọ́ kí wọ́n má pa á.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sí Skyview, àdúgbò wa níbí, níbi tí ọkọ̀ òfuurufú ti ń kọjá lórí wa débi pé ṣíbí ń gbọ̀n nínú kọ́ọ̀bù. Grade Three ni Ìbùkún wà. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú school bus lọ́jọ́ kan, snow wà ní bàtà rẹ̀, ó ní, "Grandpa, there's a science fair. I need a question." Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń múra láti jáde lọ rìn díẹ̀, mo ta kíjìpá mi bo èjìká. Ẹ ti rí aṣọ náà lọ́rùn mi. Ìyá mi ló hun ún lórí òfì ìdúró rẹ̀, ó ki, ó wúwo, òun ni mo fi ń gbá òtútù ọyẹ́ dànù láti kékeré. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, kì í jìnnà sí mi. Fúnmiláyọ̀ ra winter jacket fún mi, mi ò wọ̀ ọ́. Ọmọ yìí wò mí, ó ní, "Grandpa, you'll freeze. My jacket is way warmer." Mo ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ó ní, "What's àkísà?" Mo ní rag ni. Ó ní, "So your cloth is a rag?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ta ló sọ fún un pé jacket òun ló móoru jù. Ó ní, "Everybody knows." Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ti ń dúró dè láti ọjọ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì. Mo ní, "Ìbùkún, jẹ́ ká dán an wò." Mo ti rò pé iṣẹ́ mi ti kú, mo ti rò pé ká máa bá ọmọ wo tablet ló kù fún mi láyé, àfi bó ṣe di pé mo tún rí ọmọ kan ṣoṣo tí màá kọ́.

A wá ìgò jáàmù mẹ́ta tó jọra nínú èyí tí ìyá rẹ̀ fẹ́ kó dànù. A ó da omi gbígbóná sínú wọn, a ó fi jacket wé ọ̀kan, a ó fi kíjìpá wé ọ̀kan, a ó fi ìkẹta sílẹ̀ níhòòhò. Ìgò oníhòòhò yẹn pa á lẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà la ó gbé gbogbo wọn sórí deck, nínú snow. Thermometer tí Dèjì fi ń wo ẹran barbecue la fi máa wo omi. Mo kọ́ ọ ní ìbéèrè wa, ó sì mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Kí ló yàtọ̀?" Ó ní, "Ẹyọ kan!" Ohùn rẹ̀ dà bí ti ọmọ òyìnbó, ṣùgbọ́n kò ṣì í.

Ìgbà àkọ́kọ́ bàjẹ́. Ẹ mọ atẹ́gùn gbígbóná tí wọ́n ń pè ní chinook, ẹ̀yin tí ẹ ti lo winter níbí. A gbé ìgò jáde ní àárọ̀ Saturday kan tí òtútù ń gé etí, kí a tó jẹun tán, atẹ́gùn ti yí padà, snow ń yọ́ láti orí òrùlé bí òjò. Ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ìbùkún fẹ́ sunkún. Mo ní kò burú, a ó tún un ṣe, èmi ti rí adìẹ tó jẹ gbogbo àyẹ̀wò kíláàsì kan tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ìgbà kejì, òtútù dúró. Omi hó. Ọmọ náà gbé kettle, Fúnmiláyọ̀ tó ń múra iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀ ń kọjá lọ, ó ní, "Ìbùkún, ti Grandpa first, please. Where is your home training?" Kíá, ọmọ náà kúnlẹ̀ sílẹ̀ kíṣìnì, ó fi ọwọ́ méjèèjì di kettle mú, ó fẹ́ da omi sínú ìgò kíjìpá kó tó kan tirẹ̀. Mo ní ó tì o! Mo ní ìgò kò mọ àgbà, èyí tí a bá kọ́kọ́ da omi sí, òun ni yóò kọ́kọ́ máa tutù. Ìyá rẹ̀ ní, "Ah-ah, Dádì, ṣé kó máa fi yín sẹ́yìn ni?" Mo pe òun náà mọ́ra. A pín omi sínú mọ́ọ̀gì mẹ́ta, olúkúlùkù wa mú ọ̀kan, mo ní, "Ó yá!" a dà á sínú ìgò lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbùkún fẹ́ wé kíjìpá ní ìlọ́po méjì nítorí tèmi, mo ní ìyí kan ni jacket, ìyí kan náà ni kíjìpá. Lọ́jọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá rí mi á rò pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àpóìntìmẹ́ǹtì ni.

A gbé wọn wọlé lẹ́yìn tí a ti dúró tó. Oníhòòhò ti fẹ́ di yìnyín. Ti kíjìpá lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ti jacket ṣì gbóná débi pé ọmọ náà yára fa ọwọ́ kúrò. Ó wo thermometer, ó wo ojú mi, ó tún wo thermometer. Ó rọra ní, "Grandpa... your mom's cloth lost." Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ó pàdánù, bẹ́ẹ̀ ni kí o ṣe sọ ọ́. Ìyá mi kò rí snow rí nígbà tó ń hun ún." Mo gbé e mọ́ra. Láìparọ́, inú mi dùn ju bí ì bá ti dùn ká ní kíjìpá ló borí. Ọmọ tó bá lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn lójú bàbá ìyá rẹ̀, ó ti mọ iṣẹ́ náà.

Láti ọjọ́ kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí wọ jacket tí Fúnmiláyọ̀ rà. Kí ni n ó tún máa bá a jà fún? A ti dán an wò, ojú mi ti rí i. Mo sá kíjìpá kó gbẹ, mo ká a sínú àpótí. Ara mi móoru, mo ń rìn dé ìdí bus stop láìgbọ̀n. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń wò mí nínú ilé, wọ́n ń bára wọn sọ ọ́ pé, "Dádì ti ká aṣọ ìyá wọn nílẹ̀. Ọkàn Dádì ti bàjẹ́." Tẹ́nikẹ́ni bá bi mí ni, màá ti sọ fún un. Àwọn ọmọ dáadáa kì í bi èèyàn nírú ìyẹn, wọ́n á kàn máa ṣàánú rẹ̀ níkọ̀kọ̀.

Nígbà tí ọjọ́ science fair pé, gbogbo wa wọ mọ́tò, ó di gym ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Ibẹ̀ kún, iná rẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn ọmọ aráyé gbogbo dúró tì tábìlì wọn, ọmọ Índíà, ọmọ Filipino, ọmọ òyìnbó, tàwa náà wà láàárín wọn. Orí mi wú gan-an. Mo rí i pé wọ́n ti gbé kíjìpá mi síbẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo rò pé ti ọ̀ṣọ́ ni. Olùkọ́ wọn dé ọ̀dọ̀ Ìbùkún, obìnrin kan tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ mi nàró ṣánṣán. Ó ṣàlàyé ìgò, ó ṣàlàyé omi, ó ní ohun kan ṣoṣo ló yàtọ̀ tí ìyókù jọra, kò gbàgbé ọ̀kan. Mo ń mi orí. Ó wá ní, "And the warmest one was my great-grandmother's cloth. She made it by hand in Nigeria."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Obìnrin náà fọwọ́ lé àyà, ó ní, "Oh, that's beautiful." Àwọn òyìnbó ń fọwọ́ pa kíjìpá lára, Dèjì ń fi fóònù ká a sílẹ̀. Mo yíjú sí Fúnmiláyọ̀. Ó sún mọ́ mi, ó sọ ọ́ sí mi létí, "Dádì, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Láti ìgbà tí Mọ́mì ti kú, aṣọ yẹn nìkan lẹ di mú. Ẹ ká a kúrò nílẹ̀, ọmọ yìí sunkún, ó ní òun ti ba aṣọ Grandpa jẹ́. Kí lẹ ní kí n ṣe?"

Mo ní, "Kó sọ ohun tójú rẹ̀ rí."

Ó ní, "Níwájú àwọn òyìnbó? Dádì, ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn." Ẹ gbọ́ o, òwe tí mo fi kọ́ ọ ló fi dá mi lóhùn.

Dèjì ní, "Daddy, Grade Three ni, ẹ jọ̀ọ́. No be PhD. Ẹ wo bínú ẹ̀ ṣe ń dùn."

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà. Mò ń wo orí ọmọ náà bó ṣe ń wọ́, ọwọ́ mi kò gbé. Tí mo bá lanu níbẹ̀, ta ni màá dójú tì? Ọmọ tó nífẹ̀ẹ́ mi ni, níwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀, níwájú tíṣà rẹ̀. Ọmọ mi obìnrin ni, tó ń tọ́jú mi bí ẹyin. Àna mi ni, tó ní ilé tí mo ń sùn. Bí wọ́n bá ṣe ibi ni, mo mọ ohun tí mo máa ṣe. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké, ṣùgbọ́n òwe yẹn kò sọ pé nítorí tèmi ni wọ́n á ṣe ra èké náà. Ìbùkún sáré wá, ó dì mọ́ mi nítan, ó ní, "Grandpa, your mom won!" Mo ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Ẹnu mi ló sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì mo pè é jókòó. Mo ní kí ni thermometer sọ? Ó ní, "I know, Grandpa. The jacket. But Mommy said this is respect." Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé. Tí mo bá sọ ọ́ ní Yorùbá, kò yé e tán. Tí mo bá fi gẹ̀ẹ́sì mi sọ ọ́, ó ń jáde ní ègé ègé. Nínú kíláàsì mi, màá ti ní kó tún un ṣe níwájú gbogbo wọn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì kígbe. Níbí, kò sí ẹgbẹ́, kò sí rímù, èmi pẹ̀lú ọmọ kan ló jókòó sórí sófà, ó sì ń fọwọ́ pa mí léjìká kí n má bàa banú jẹ́.

Kọ́lá, mo rí ọ tó ń mi orí. Kí lo ní? "Grandpa, it's not that deep now." Bóyá kò jìn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ ló ń kọ́ nípa oògùn ní university. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé oògùn tuntun lé ọ lọ́wọ́ pé kó o yẹ̀ ẹ́ wò, tí ọ̀gá rẹ tó o fẹ́ràn sì ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe é, kí lo máa sọ? Fúnmiláyọ̀ gan-an, nọ́ọ̀sì ni. Bí ibà bá ń pa aláìsàn, ṣé á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara rẹ̀ tutù, kínú rẹ̀ lè dùn? Kò jẹ́ ṣe é láé. Ibi iṣẹ́ ló ti mọ̀ ọ́n, ó gbàgbé rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé. Mi ò lè sọ ìyẹn fún un. Á ní mò ń bú òun, á sunkún, èmi náà á wá máa bẹ̀ ẹ́.

Ohun tó wá pa mí lẹ́nu mọ́ ni ti ìjẹta. Mo jókòó sídìí tábìlì kíṣìnì, Ìbùkún wọlé tọ̀ mí wá, ó ní, "Grandpa, Dán-an-wò!" Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá. Ó fẹ́ mọ yìnyín tó máa tètè yọ́, èyí tí a fi iyọ̀ sí, èyí tí a fi ṣúgà sí, tàbí èyí tí a ò fi nǹkan kan sí. Ó to àwo mẹ́ta tó jọra. Ó yan yìnyín tó jẹ́ ọ̀kan náà nínú fíríìsà, ó da èyí tó kéré padà. Ó bu iyọ̀ sí ṣíbí, ó fi ìka gé orí rẹ̀ kó lè tẹ́jú, ó ṣe ṣúgà náà bákan náà. Mi ò ràn án lọ́wọ́. Gbogbo ohun tí mo kọ́ ọ ló ṣe, kò fo ẹyọ kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí dúpẹ́ nínú mi.

Ó wá gbé ojú sókè, ṣíbí iyọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Grandpa, which one do you want to win?"

Mo ní kò sí. Ó ní, "Just pick one." Ó rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni fẹ́ fún èèyàn lẹ́bùn. Ẹ̀yin ọmọ mi, bó bá jẹ́ ìwà ọ̀lẹ ni, mo mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Bó bá jẹ́ irọ́ burúkú ni, mo mọ bí wọ́n ṣe ń bá a wí. Ìfẹ́ ni, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ wí nítorí ìfẹ́. Yìnyín ti ń ṣomi lójú wa. Ó dúró, ó ń wo ẹnu mi, mo sì nawọ́ sí àwo ti àárín, mo ní, "Èyí ni."